Ilẹ̀dú Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

 Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí àwọn àgbẹ̀ Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ́fin ní Èkó ṣe mọ̀ tó nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń kó kábọ̀nù pamọ́ sínú ilẹ̀, àti bóyá wọ́n ṣe tán láti máa ṣe é. Àkòrí náà gùn. Nígbà tí mo kà á fún aya mi, ó ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ kí o lọ sọ fún wọn ni, àbí kí o lọ bi wọ́n?" Mo rò ó, mo sì lọ bi wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń dáko ẹ̀fọ́ lábẹ́ wáyà iná ńlá ní Àmùwò. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ewédú wà níbẹ̀, ṣọkọ àti ugu náà wà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé ní ogójì, ó tò wọ́n bí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn. Agolo ìbomirin méjì ló gbé dání, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, omi ń ya lẹ́nu méjèèjì, òun náà ń fẹ̀yìn rìn láàárín poro. Mo kí i, mo sì bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa kábọ̀nù rí.

"Kábọ̀nù? Èyí tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ ìwé rìsíìtì?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Rárá, Màmá. Ti inú ilẹ̀ ni mò ń wí."

"Á à, mi ò mọ ìyẹn o, tísà."

Ká ní ìwé ìbéèrè àwọn oníwàádìí ni mo gbé dání, ibi tí wọ́n kọ "rárá" sí ni ǹ bá fàmì sí, ìyá yìí ì bá sì di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kà mọ́ àgbẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú mi tó òkìtì kan níparí bẹ́ẹ̀dì: koríko tó fà tu, gbòǹgbò ewédú tó ti kórè, èèpo àgbàdo, ìgbẹ́ adìẹ tó fọ́n sórí rẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní tó bá jẹrà tán, òun á dà á padà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ní ń dáná sun ohun tó máa di ẹ̀fọ́?"

Iṣẹ́ kábọ̀nù ni ìyá yìí ń ṣe, orúkọ rẹ̀ ni kò mọ̀. Mo wá jókòó lórí garawa, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọdún mélòó lẹ ní kó fi wà nínú ilẹ̀?" Mo ní ogún ọdún ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀, pé ó máa ń tó bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tí wọ́n yí ìtọ́jú rẹ̀ padà tó yó. Ó wò mí, ó gbójú sókè wo wáyà, ó sì padà sídìí omi rẹ̀.

Ìwò yẹn ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kábọ̀nù inú ilẹ̀ jẹ́, nítorí àwọn kan níhìn-ín tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ìyá náà, ti rìsíìtì làwọn náà mọ̀. Ẹni tó bá dàgbà nílé tó ní ẹ̀yìnkùlé mọ ààtàn, ibi tí wọ́n ń da èèpo iṣu, eérú ààrò àti ewé ẹ̀kọ sí. Kò sẹ́ni tó gbin ata síbẹ̀, ata á hù. Elégédé á fà láti ibẹ̀ dé orí ògiri ará ilé kejì, ìjà á sì ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀, dúdú ni, ó rọ̀, ekòló kún inú rẹ̀. Irú rẹ̀ làwọn bàbá wa ń pè ní ilẹ̀dú. Nínú ohun jíjẹrà tó mú kó dú bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 58 nínú 100 ni kábọ̀nù.

Inú afẹ́fẹ́ ni kábọ̀nù ọ̀hún ti wá. Ewé ń fà á sínú, oòrùn ń bá a sè é di ṣúgà, ewéko á fi ṣúgà náà kọ́ igi, ewé àti gbòǹgbò. Tí ewéko bá kú, ekòló àti àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí á jẹ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù á padà sínú afẹ́fẹ́, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó dáná sun koríko oko, ojú ọ̀run ló dá a padà sí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn ohun abẹ̀mí yẹn á sì tètè jẹ ilẹ̀dú tán. Gbogbo iṣẹ́ àgbẹ̀ kábọ̀nù kò ju pé kí ohun tó ń wọlẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ. Fífi koríko bo ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, fífi ẹ̀wà tó ń fà bora fún ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ajílẹ̀ jíjẹrà, igi láàárín oko, kí a má sì máa tú ilẹ̀ jù. Ilẹ̀ ayé ní kábọ̀nù nínú ju ti afẹ́fẹ́ àti ti gbogbo igi òun koríko àgbáyé lápapọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ìpàdé ojú ọjọ́ ní Paris lọ́dún 2015, ilẹ̀ Faransé gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí kábọ̀nù inú ilẹ̀ máa fi ìdá 4 nínú 1,000 pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn aláṣẹ ti wà lára àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa níbí kì í ṣe ilẹ̀ ààtàn. Kí wọ́n tó kọ́ Festac fún àjọ̀dún ọdún 1977, irà àti oko àwọn Àwórì ló pọ̀ níbí. Iyanrìn ni wọ́n fi dí púpọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn kì í di nǹkan mú, omi kì í dúró nínú rẹ̀, ajílẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀, oòrùn Èkó sì ń bẹ lókè tí ń mú kí ohun gbogbo yára jẹrà. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fọ́n lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ ó fà á. Tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ kó sílẹ̀ ti lọ, ẹ ó tún ra àpò mìíràn. Àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ Èkó kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló ń bọ́ ilẹ̀ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, ilẹ̀ rẹ̀ ni kì í yó.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìmọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn ará Yúróòpù ba ojú ọjọ́ jẹ́ tán, wọ́n wá fẹ́ kí àgbẹ̀ Àmùwò bá wọn tún un ṣe. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, mi ò ní jà lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìmọ̀ náà ti rin ìrìn rẹ̀. Lọ́dún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan láti Íńdíà, Rattan Lal, dé síbẹ̀. Ó bá ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán igbó orí rẹ̀: òjò Ìbàdàn ń rọ̀ sórí ilẹ̀ ìhòòhò, ẹrẹ̀ pupa ń ṣàn lọ sódò. Ó dá ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, kò fi katakata tú u, ó jẹ́ kí pòròpórò àgbàdo wà lórí rẹ̀ bí aṣọ, ó gbin irúgbìn sí àárín rẹ̀. Òjò rọ̀, ilẹ̀ dúró. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló lò níbẹ̀ kó tó lọ sí Yunifásítì Ohio State ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987, níbi tó ti ń wí fún ayé pé inú ilẹ̀ ni kí wọ́n wá ààyè fún kábọ̀nù. Lọ́dún 2020 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé, World Food Prize. Láti Festac dé ọgbà IITA kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ Ìbàdàn ló kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n wá kọ́ ayé. Ẹnu ọ̀nà wa ni ẹ̀kọ́ náà gbà kọjá.

Ọgbà IITA yìí kan náà ni ìtàn kejì ti ṣẹlẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ṣe ètò kan: wọ́n gbin igi tó ń tètè dàgbà, lùkìnà àti gliricidia, ní ẹsẹẹsẹ, àárín ẹsẹ igi méjì ni wọ́n gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sí. Tí igi bá ga, wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀ bo ilẹ̀. Igi ń bọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ń bọ́ àgbàdo. Lórí ilẹ̀ ìwádìí, ohun tó dára gidigidi ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé e lọ bá àgbẹ̀ ní àwọn abúlé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn náà bá a lọ, wọ́n ní ewé igi yìí oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn ni. Wọ́n kọ́ àgbẹ̀, wọ́n fún wọn ní irúgbìn, wọ́n mú wọn lọ wo oko àwòṣe. Ẹ má sọ pé àgbẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n mọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, kò tàn kálẹ̀ bí wọ́n ṣe rò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀.

Kí ló fà á? Iṣẹ́ gígé ẹ̀ka wà níbẹ̀: àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù gan-an ni igi ń fẹ́ kí wọ́n gé òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti abúlé wá mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò tó gba ilẹ̀ dáko lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Kò gbọ̀dọ̀ gbin kòkó, kò gbọ̀dọ̀ gbin obì tàbí ọ̀pẹ, àfi tí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìdí ni pé igi ni ìwé ilẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹni tó gbin igi ti fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á wá sọ lọ́la pé bàbá òun ló gbìn ín. Onílẹ̀ tó rí ayálẹ̀ tó ń gbin lùkìnà ní ẹsẹẹsẹ kò ní béèrè bóyá igi ajílẹ̀ ni tàbí igi kòkó. Igi ni igi. Ìyàwó tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ náà mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn onímọ̀ fún àgbẹ̀ ní irúgbìn. Wọn kò ní àṣẹ ilẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n lè fún wọn mọ́ ọn.

Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àìkàwé ló ń dí àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ̀ tuntun. Mi ò gbà á. Àgbẹ̀ tó kọ̀ láti gbin igi sórí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ó ka ilẹ̀ náà ju ẹni tó kọ ìwé lọ.

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀ nítòsí wa, lẹ́yìn ààlà Sẹ̀mẹ̀, ní agbègbè Mono ní gúúsù Benin. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, ẹ̀kan sì ti gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ mọ ẹ̀kan, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń gún iṣu lára, tí ẹ fi àdá gé lónìí tó tún yọ orí lọ́túnla. Àwọn onímọ̀ gbé oríṣiríṣi ọgbọ́n wá, wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tún ilẹ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni mùkúnà, ọmọ ìyá wèrèpè, ṣùgbọ́n èyí kì í yún ni. Tí ẹ bá gbìn ín, á fà, á bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣíṣú, ẹ̀kan kò ní rí oòrùn, á kú sábẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ díẹ̀ ló kọ́kọ́ dán an wò. Láàárín ọdún mẹ́wàá wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé àwọn onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, àgbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbin mùkúnà nítorí kábọ̀nù. Wọ́n gbìn ín nítorí pé ó yọ wọ́n lọ́wọ́ àdá. Nígbà tó yá, wàhálà rẹ̀ náà yọjú: èso rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ènìyàn bí ẹ̀wà wa, ó ní oró nínú, ilẹ̀ á sì wà fún un ní odidi àsìkò kan láìmú owó wá. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré kò lè fara dà á pẹ́.

Ìbéèrè tí mo wá ń bi ara mi bí mo ṣe ń rìn káàkiri Àmùwò ni pé kí ni ẹ̀kan tiwa níbí? Kí ló ń gún àgbẹ̀ lára lójoojúmọ́ tó fi lè gbọ́ràn sí ohun tó máa yọ ọ́?

Kì í ṣe owó kábọ̀nù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí àwọn kan ti ń kiri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Lọ́dún 2014, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Kenya tó wà lábẹ́ ètò Vi Agroforestry, ẹgbẹ́ kan láti Sweden, di àwọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó gba kírẹ́díìtì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tó ṣeé tà, lórí kábọ̀nù inú ilẹ̀. Àpò kábọ̀nù ti Báńkì Àgbáyé wà lẹ́yìn rẹ̀. Tọ́ọ̀nù 24,788 ni wọ́n kà fún wọn nígbà náà. Ìròyìn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: ká ní 20,000 àgbẹ̀ péré ló pín in, tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe tiwa. Ká ní àgbẹ̀ kan ní éékà kan, ó sì fi koríko àti ajílẹ̀ tọ́jú ilẹ̀ náà débi pé ìdá márùn-ún tọ́ọ̀nù kábọ̀nù kan wọlẹ̀ lọ́dún kan. Tí ẹ bá yí i sí afẹ́fẹ́ kábọ̀nù tí ọjà ń rà, ẹ ó fi 3.67 sọ ọ́ di púpọ̀, kò ní pé tọ́ọ̀nù kan. Ká ní dọ́là mẹ́wàá ni tọ́ọ̀nù kan, tí dọ́là kan sì jẹ́ ₦1,500, owó rẹ̀ fún odidi ọdún kò ju ₦11,000 àti díẹ̀ lọ. Ẹ kò tíì yọ owó ẹni tó wá wọn ilẹ̀, ti ẹni tó wá yẹ ìwé wò àti ti alágbàtà. Ohun tó kù lè má ju owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ Badagry. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù wá tó sì ń sọ pé kábọ̀nù á sọ yín di ọlọ́rọ̀, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ka: orúkọ ta ló wà nínú ìwé, ọdún mélòó ló dè yín mọ́lẹ̀, ìdá mélòó ló kàn yín. Tí kò bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn tàbí ní Haúsá tó yé yín, kó máa gbé ìwé rẹ̀ lọ.

Òfin Ojú Ọjọ́ ti ọdún 2021 wà ní Nàìjíríà, ìjọba sì ti ṣèlérí ní Glasgow lọ́dún náà pé tó bá máa fi di 2060, èéfín tí a ń tú jáde kò ní ju èyí tí a ń fà padà lọ. Ọjà kábọ̀nù ń bọ̀. Ó lè dára fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ńlá tó ní ilẹ̀ gbalasa. Fún ìyá tó ní ogójì bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí omi ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ka iye ìgbà tí ìyá yẹn lọ sídìí kànga lọ́jọ́ náà, mo kà á dé mẹ́rìndínlógún kí n tó ṣì í kà. Òwúrọ̀ ni, ìrọ̀lẹ́ náà ń bọ̀. Àwọn aládùúgbò oko rẹ̀ tó ní pọ́ọ̀ǹpù ń ra epo sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Èbìbí ọdún 2023, tí jálá kan fò láti abẹ́ ₦200 dé nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àgbẹ̀ tó ń fi pọ́ọ̀ǹpù bomi rin tẹ̀tẹ̀ ń bomi rin ín pẹ̀lú owó gidi. Ẹ̀kan ti Àmùwò ni bẹntiróòlù. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá sì fi koríko gbígbẹ bò, oòrùn kì í rí omi inú rẹ̀ fà bó ṣe wù ú; bí ilẹ̀dú bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú iyanrìn ni iyanrìn ń mọ bí wọ́n ṣe ń di omi mú. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ Festac kó kábọ̀nù pamọ́, kó má mẹ́nu ba kábọ̀nù rárá. Kó bá wọn sọ̀rọ̀ jálá epo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níhìn-ín, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́ o: kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ ló fẹ́ aṣọ. Èso tẹ̀tẹ̀ kéré bí iyanrìn. Tí ẹ bá fọ́n ọn tí ẹ sì fi koríko tó nípọn bò ó, kò ní rí ọ̀nà yọ. Imọ̀ ọ̀pẹ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi ṣíji bò ó, kí ẹ ká a kúrò bó bá ti ń yọjú. Ugu, ṣọkọ tí ẹ lọ́, ata, ewúro, ìwọ̀nyí ni ẹ lè bò kẹ́ ẹ sì gbàgbé. Ẹni tó wá kọ́ àgbẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ìyá Àmùwò á fi ojú lásán wò ó, bó ṣe wò mí.

Níbo ni koríko àti ajílẹ̀ yóò ti wá? Èkó ń da nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù pàǹtí sílẹ̀ lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí LAWMA, àjọ tó ń bójú tó pàǹtí ìpínlẹ̀ yìí, ṣe máa ń kà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì lè jẹrà. Èèpo àgbàdo ọjà Agboju nìkan, lásìkò àgbàdo, ó ń ga bí ilé. Ewéko orí omi tó wọ ọ̀sà Badagry láti apá Benin lọ́dún 1984, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi títí dòní, ajílẹ̀ ló ń léfòó yẹn. Ìṣòro ni pé pàǹtí wa kò mọ́: bátìrì wà nínú rẹ̀, náílọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, ìgò wà nínú rẹ̀. Kí ìyálọ́jà tó kó o fún àgbẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣa á, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ gba owó. Ibẹ̀ ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ti lè wúlò ju ìpàdé lọ.

Mo wá dé orí ilẹ̀. Èwo ni ilẹ̀ àgbẹ̀ Àmùwò? Òmíràn wà lábẹ́ wáyà, òmíràn wà létí kánààlì, òmíràn wà lórí ọ̀nà páìpù epo. A kò gbàgbé Abúlé-Àdó, ọjọ́ Àìkú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ẹ̀rẹ́nà ọdún 2020, ìbúgbàù tó wó ilé àti ilé ìwé tó sì gbẹ̀mí èèyàn. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa jókòó lé, n kò sọ pé kí wọ́n pín in. Àwọn yòókù, ìdílé Àwórì ní tiwọn ni, àjọ tó ń bójú tó ilé ìjọba àpapọ̀ ní tiwọn ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń gba owó oko lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀ láìfún un ní ìwé. Láti ọdún 1978 tí Òfin Ilẹ̀ ti sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì rọrùn fún ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́. Láàárín wọn ni ará Òkè Ọya, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ìgbò àti Yorùbá ti ń bọ́ Festac. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ bóyá òun á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìmọ̀ràn mi kéré. Mi ò béèrè pé kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Lábẹ́ wáyà, níbi tí ilé kò lè wà láéláé, tí igi gíga kò sì gbọ̀dọ̀ sí, kí ẹni tó ni àṣẹ ibẹ̀ kọ ìwé ọdún márùn-ún fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀: ẹ ó gbin ohun kúkúrú nìkan, ẹ kò ní kọ́lé, ẹ kò ní dáná sun koríko, tí a bá sì nílò ilẹ̀ náà, a ó fi oṣù mẹ́ta sọ fún yín, a ó sì jẹ́ kí ẹ kórè. Ìwé kan péré. Àwọn tó ní kí a máa gbin igi, kí wọ́n lọ gbìn ín sínú ọgbà ilé ìwé Festac, níbi tí ààyè wà. Kí wọ́n sì fi irà tó kù sílẹ̀ o. Ẹ̀gbà àti àwọn igi inú omi yòókù ní apá Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Írẹ́dé ń kó kábọ̀nù sínú ẹrẹ̀ ní ìlọ́po púpọ̀ ju igbó orí ilẹ̀ lọ, èyí tí a bá sì fi iyanrìn dí lọ́dún kan, gbogbo àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ Àmùwò kò lè kó o padà. Ọ̀rọ̀ ìyẹn fẹ́ wákàtí tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà, mo fẹ́ sọ fún un pé mo máa lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Àwọn kan tí kò dárúkọ ara wọn ti wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àmì sára òpó kọnkéré kan láàárín oko rẹ̀. Wọn kò sọ ohun tó túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀dì ugu àti ṣọkọ tó wà lápá ọ̀tún òpó náà, ó ti fi koríko àti èèpo àgbàdo bò wọ́n. Mo ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ tutù. Lápá òsì, níbi tí ọ̀dà náà kọjú sí, ilẹ̀ wà níhòòhò, ó ti sán, ugu ibẹ̀ rọ ewé sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bo tòsì.

"Tísà, ẹ wo ọ̀dà yẹn," ó ní. "Ta ni n ó bò ó fún?"

Ó rọ omi kún agolo méjèèjì. Apá òsì ló kọ́kọ́ lọ bomi rin, nítorí òun ló ń tètè gbẹ.